Pápá Bọ́ọ̀lù Tí Ìlú Fẹ́ Fi Owó Àpapọ̀ Kọ́: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Kan Ní Agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́

Ìlú tí ọ̀rọ̀ yìí kàn wà ní agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. N kò ní dárúkọ rẹ̀, n kò sì ní dárúkọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tí ọ̀rọ̀ náà ti ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, nítorí pé àwọn tó kópa níbẹ̀ ṣì jọ ń gbé pọ̀, wọ́n sì ṣì ń bára wọn ṣe. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí pé àwọn ìlú mìíràn ń gbèrò ohun kan náà. Àwọn tí wọ́n sì máa ń pè láti bá wọn ṣètò rẹ̀, ìbáà ṣe oníṣirò owó, awọnlẹ̀, ayàwòrán ilé tàbí akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè, kì í sábà rí ohunkóhun kà lórí rẹ̀ ju ìwé àbá tí ẹni tó fẹ́ gba iṣẹ́ náà kọ. Mo jókòó pẹ̀lú ìgbìmọ̀ ìlú náà gẹ́gẹ́ bí olùdámọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ owó, láti ìgbà tí wọ́n ti ń jíròrò lórí àbá àkọ́kọ́ títí di ìgbà tí wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn tó wà nílẹ̀ lónìí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀ wá

Ọmọ ìlú kan tó ń ṣòwò ní Èkó ló dá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù náà sílẹ̀. Ẹgbẹ́ náà gòkè láti inú ìdíje kéékèèké títí ó fi dé ìpele líìgì àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù jẹun. Pápá ilé ẹ̀kọ́ girama kan ni wọ́n ti ń gbá a tẹ́lẹ̀. Pápá náà kò ní ọgbà, kò ní yàrá tí àwọn rẹfirí ti lè pààrọ̀ aṣọ, kò sì sí ọ̀nà tí ọkọ̀ aláìsàn lè gbà dé ojú pápá bí ẹnìkan bá ṣèṣe. Nígbà tí àwọn aṣojú líìgì wá yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní kò kún ojú òṣùwọ̀n. Láti ìgbà náà ni ẹgbẹ́ náà ti ń gba àlejò nílé onílé. Wọ́n á kó agbábọ́ọ̀lù àti olólùfẹ́ sínú bọ́ọ̀sì lọ sí ìlú mìíràn, wọn yóò sì pe ibẹ̀ ní ilé.

Ẹni tó bá mọ agbègbè wa yóò mọ bí èyí ṣe dun àwọn ènìyàn tó. Ògbómọ̀ṣọ́ ní pápá Ṣọ̀ún, Ọ̀yọ́ ní Durbar, Ìbàdàn sì ní méjì: èyí tí wọ́n ṣí ní 1960 tí wọ́n pè ní Liberty, tó di pápá Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 2010, àti ti Adámásingbà tó ń jẹ́ orúkọ Lékan Salami, níbi tí Shooting Stars ti ń gba àlejò. Àwọn àgbà ìlú náà ṣì ń sọ̀rọ̀ nípa 1976, ọdún tí Shooting Stars gba ife Cup Winners' Cup ti Áfíríkà, ìyẹn ìdíje láàrin àwọn tó gba ife ní orílẹ̀-èdè wọn. Wọ́n fẹ́ kí àwọn ọmọ wọn ní ohun kan tí wọ́n lè máa fi yangàn bẹ́ẹ̀. N kò gbà pẹ̀lú àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé tí wọ́n máa ń sọ pé ìwúrí kì í ṣe ìdí tó tó láti náwó ìlú. Ìdí gidi ni, ìlú ló sì ni ẹ̀tọ́ láti pinnu iye tí òun lè san fún un. Ohun tó yẹ kí olùdámọ̀ràn ṣe ni pé kí ó rí i dájú pé iye náà hàn sí gbogbo ènìyàn kí wọ́n tó san án.

Ní Nàìjíríà, ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni púpọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ tó wà ní líìgì gíga jù, nítorí náà àpò tó kọ́ pápá àti àpò tó ń san owó oṣù agbábọ́ọ̀lù sábà máa ń jẹ́ ọ̀kan náà. Ti ìlú yìí yàtọ̀. Ẹnìkan ṣoṣo ló ni ẹgbẹ́, owó gbogbo ìlú ni wọ́n sì fẹ́ fi kọ́ ibi tí yóò ti máa ṣòwò. Ìwé àbá náà kò sọ èyí síta. Ó béèrè fún pápá tí ìjókòó rẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, pẹ̀lú iná ńlá fún bọ́ọ̀lù alẹ́, òtẹ́ẹ̀lì, ìsọ̀ àti àyè ìgbọ́kọ̀sí, lórí ilẹ̀ oko kajú àti ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn ìlú. Nǹkan bí ìdajì owó náà yóò ti ọwọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ wá. Apá tó tẹ̀lé e ni èyí tí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè yóò bù lé àwọn ọmọ ìlú nílé àti lẹ́yìn odi. Ìyókù ni ẹni tó ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù yóò san nígbà tí ẹgbẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í jèrè. Wọ́n ka àǹfààní rẹ̀ sí ojú ìwé tó kẹ́yìn: iṣẹ́ fún àwọn ọ̀dọ́, oníbàárà fún àwọn ọlọ́jà, àlejò fún òtẹ́ẹ̀lì. Kò sí ojú ìwé kankan tó sọ ohun tí yóò máa jáde lápò lẹ́yìn ọjọ́ tí wọ́n bá ṣí pápá.

Ìṣirò tí a kọ́kọ́ ṣe

Ohun tí mo kọ́kọ́ gbé ka iwájú ìgbìmọ̀ kì í ṣe iye owó ìkọ́lé. Iye ọjọ́ ni. Líìgì gíga jù ní Nàìjíríà ní ẹgbẹ́ 20, èyí tó túmọ̀ sí pé ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gba àlejò ní ẹ̀ẹ̀mọ́kàndínlógún, ìyẹn 19, láàrin sáà kan. Ní ìpele tí ẹgbẹ́ tiwa wà, kò tó bẹ́ẹ̀ pàápàá. Bí a bá fi ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọ̀rẹ́-sí-ọ̀rẹ́ àti ti ife kún un, yóò ṣì ku ọjọ́ tó lé ní 300 nínú ọdún tí géètì yóò wà ní títì, tí koríko yóò máa mu omi, tí ọlọ́dẹ yóò máa gba owó oṣù, tí irin orùlé yóò sì máa dógùn-ún. Bí ẹni tó ń sọmọ lórúkọ ni ẹni tó ń ṣí pápá rí: ọjọ́ náà dùn, ó sì náni lówó díẹ̀, ṣùgbọ́n owó ilé ìwé ọmọ ṣì wà níwájú, ẹni tó wá jẹun níbi ìkómọ kọ́ ló sì máa san án.

Àpẹẹrẹ rẹ̀ kò jìnnà sí wa. Pápá orílẹ̀-èdè tó wà ní Súrùlérè ní Èkó, tí wọ́n ṣí ní 1972, ti di ibi tí kò sẹ́ni tó ń gbá bọ́ọ̀lù àgbà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ti Àbújá, tí ìjókòó rẹ̀ tó 60,000, ni wọ́n kọ́ fún ìdíje gbogbo Áfíríkà ti 2003. Kò pẹ́ púpọ̀ tí koríko rẹ̀ fi bàjẹ́, nígbà tó sì yá, Aliko Dangote ló gbà láti fi owó ara rẹ̀ ran àtúnṣe rẹ̀ lọ́wọ́. Bí ìjọba àpapọ̀ kò bá lè tọ́jú koríko, ó yẹ kí ìlú tó ń gbára lé owó dídá béèrè lọ́wọ́ ara rẹ̀ bí òun yóò ṣe ṣe é.

Ìbéèrè kejì ni ibi tí owó tí wọ́n bá ná ní pápá ti ń wá. Níbí ni ọ̀rọ̀ ti kọ́kọ́ yí padà, kì í sì í ṣe èmi ni mo yí i. Ìyálọ́jà, tí wọ́n pè sí ìpàdé kí ó lè wá sọ pé inú àwọn ọlọ́jà dùn sí àbá náà, ní kí wọ́n jẹ́ kí òun béèrè ọ̀rọ̀ kan. Ó ní ẹni tó bá ra gúgúrú àti omi ní pápá lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kò ní padà wá ra ẹ̀wà àti dòdò ní ìsọ̀ òun lálẹ́, nítorí pé owó kan náà ló wà lápò rẹ̀. Àwọn tí wọ́n yóò gba àyè ìtajà nínú ọgbà náà, ó sì dá òun lójú, kì í ṣe àwọn tó ń tajà ní gáréèjì lónìí. Àlejò tó ti ìlú mìíràn wá nìkan ló mú owó tuntun wọlé, ó sì ní kí àwọn ọkùnrin tó wà níbẹ̀ sọ iye bọ́ọ̀sì àlejò tí wọ́n ti rí rí níbi bọ́ọ̀lù. Kò sí ẹni tó dá a lóhùn.

Ohun tí ìyálọ́jà sọ yìí gan-an ni àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí. Roger Noll àti Andrew Zimbalist gbé ìwádìí wọn lórí àwọn pápá ìṣeré Amẹ́ríkà jáde ní 1997, wọn kò sì rí pápá tuntun kankan tí èrè rẹ̀ fún ìlú bá owó tí ìlú fi sílẹ̀ lórí rẹ̀ mu. Àwọn mìíràn tún ṣe irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn wọn, àbájáde náà kò sì yí padà púpọ̀. Ìdí pàtàkì kan ni èyí tí ìyálọ́jà sọ: owó náà yí ibùjókòó padà ni, kò bí ọmọ.

Mo mú ìtàn ìlú kékeré kan wá fún ìgbìmọ̀, nítorí pé títóbi rẹ̀ sún mọ́ tiwa. Bridgeview jẹ́ abúlé ńlá kan lẹ́bàá Chicago, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò sì tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún. Ìlú náà yá owó láti kọ́ pápá fún ẹgbẹ́ Chicago Fire, wọ́n sì ṣí i ní 2006. Wọ́n retí pé ilé ìtajà àti òtẹ́ẹ̀lì yóò yí i ká, kí owó orí ibẹ̀ lè san gbèsè náà. Àwọn ilé náà kò pọ̀ bí wọ́n ṣe rò. Gbèsè náà ń gorí ara rẹ̀ títí ó fi kọjá 200 mílíọ̀nù dọ́là, owó orí ilé sì ga sí i lórí àwọn tó ń gbé ibẹ̀, títí kan àwọn tí wọn kò wo bọ́ọ̀lù rí. Ní 2019, ẹgbẹ́ náà gbà láti san 65.5 mílíọ̀nù dọ́là kí wọ́n lè tú àdéhùn ká, wọ́n sì padà sí àárín Chicago. Ẹgbẹ́ lè kó lọ, ṣùgbọ́n pápá kò lè kó lọ, gbèsè náà kò sì lè tẹ̀lé ẹgbẹ́. Ohun tí mo fẹ́ kí ìgbìmọ̀ kíyè sí ni pé Bridgeview rí nǹkan gbà nígbà tí ẹgbẹ́ ń lọ nítorí pé ìwé àdéhùn wà. Ìwé àbá tó wà níwájú tiwa kò ní gbólóhùn kan ṣoṣo lórí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ẹgbẹ́ bá lọ.

Ilẹ̀ àti àwọn tó wà lórí rẹ̀

Láìka gbogbo èyí sí, ìgbìmọ̀ pinnu láti tẹ̀ síwájú. Wọ́n ṣe ayẹyẹ ìfilọ́lẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ọgbà. Àwọn mọ́gàjí ìdílé tó ni ilẹ̀ ti fọwọ́ sí i tayọ̀tayọ̀, nítorí pé wọ́n gbà pé bí pápá bá débẹ̀, ilẹ̀ tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ wọn yóò gbówó lórí.

Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Abala 28 fún un lágbára láti gba ilẹ̀ padà fún àǹfààní gbogbogbòò, abala 29 sì ló sọ ohun tí a ó san. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í mọ̀ títí awọnlẹ̀ yóò fi dé ni pé, yàtọ̀ sí owó ilẹ̀ tí ẹni náà bá san fún ọdún tí wọ́n gba ilẹ̀ ọ̀hún, kì í ṣe ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ni òfin ní kí a dá owó rẹ̀ padà. Ohun tó wà lórí rẹ̀ ni: ilé, ohun tí wọ́n ṣe sára ilẹ̀ náà, àti irúgbìn. Nítorí náà, ẹni tó gbin nǹkan ni owó gbà-má-bìínú tọ́ sí jù, ní agbègbè wa sì rèé, ẹni tó gbin nǹkan lè má jẹ́ ọmọ onílẹ̀ rárá.

Awọnlẹ̀ àkọ́kọ́ lọ, ó ka igi, ó sì mú ìwé orúkọ wá. Orúkọ àwọn mọ́gàjí àti àwọn ọmọ wọn ló kún inú rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n ka ìwé náà sétí ìlú, obìnrin àgbàlagbà kan tó ń ṣe gàrí lórí ilẹ̀ náà dìde, ó sì ní orúkọ òun kò sí níbẹ̀. Àwọn mìíràn dìde tẹ̀lé e. Àgbẹ̀ tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ ni wọ́n. Àṣà wa kì í sábà gbà kí irú wọn gbin igi tó ń pẹ́ láìgba àṣẹ, nítorí pé igi máa ń di ẹ̀rí ìní, àwọn mọ́gàjí sì dúró lórí èyí. Ṣùgbọ́n àwọn àgbẹ̀ náà ní baálé tó ti kú ló fún àwọn láṣẹ láti gbin kajú, àwọn àgbà kan nínú ìdílé onílẹ̀ kan náà sì jẹ́rìí sí i.

Èyí ni ojú ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ náà ì bá ti bàjẹ́ pátápátá. Ìmọ̀ràn tí mo fún ìgbìmọ̀ ni pé kí wọ́n dá iṣẹ́ ọgbà dúró, kí wọ́n sì tún igi kà. Wọ́n kà á ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí kajú ń so, tí kò sí bí ẹnikẹ́ni ṣe lè pe igi tó ń so ní igi kékeré. Ẹni tó ń lò ó, aṣojú mọ́gàjí àti awọnlẹ̀ ló jọ dúró nídìí igi kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà sára rẹ̀. Oko ẹ̀gẹ́ àwọn obìnrin ni wọ́n wọ̀n lọ́tọ̀. Iṣẹ́ náà gba àkókò, ó sì bí àwọn kan nínú. Nígbà tó parí, ìwé orúkọ tuntun gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ dáadáa, owó gbà-má-bìínú sì ga tó bẹ́ẹ̀ tí kò bá ètò ìṣúná mu mọ́.

Ó yà mí lẹ́nu pé iye yìí gan-an ló là wọ́n lójú. Títí di ìgbà náà, ilẹ̀ ti dà bí ohun ọ̀fẹ́ lójú gbogbo wọn. Nígbà tó ní owó lórí, ọ̀dọ́ kan nínú ìgbìmọ̀ béèrè iye ilẹ̀ tí bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ nílò. Ojú pápá tí àwọn aláṣẹ bọ́ọ̀lù àgbáyé dábàá jẹ́ mítà 105 ní gígùn àti 68 ní ìbú. Kò kún hẹ́kítà kan. Ìyókù ilẹ̀ tí ìwé àbá náà ń béèrè, òtẹ́ẹ̀lì àti àyè ìgbọ́kọ̀sí ló ni ín.

Ìgbà tí owó gbẹ

Wọ́n ṣì ń jiyàn lórí èyí nígbà tí ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023, tí náírà sì já wálẹ̀ ní oṣù tó tẹ̀lé e. Sìmẹ́ńtì, irin àti owó ọkọ̀ gbéra lọ́jọ́ kan náà. Agbaṣẹ́ṣe kọ ìwé wá pé iye àtijọ́ kò lè ṣiṣẹ́ náà mọ́. Ìjọba ìbílẹ̀ ní tòótọ́ kò lè ṣèlérí ohunkóhun, nítorí pé àpò àjọlò pẹ̀lú ìpínlẹ̀ tí abala 162 nínú ìwé òfin dá sílẹ̀ ni owó rẹ̀ ń gbà kọjá, kò sì sí àlága tó lè fi ọwọ́ sọ̀yà lórí ohun tí yóò ti ibẹ̀ jáde lọ́dún tó ń bọ̀. Ìdájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní oṣù Keje 2024, tó ní kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́dọ̀ wọn tààrà, kò tíì wáyé nígbà náà. Ní sáà yẹn kan náà, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù já sí ìpele ìsàlẹ̀. Ẹni tó ni í kò sọ pé òun kò ṣe mọ́, àmọ́ kò wá sí ìpàdé mọ́.

Àwọn kan ní kí ìlú lọ yá owó ní báńkì kí iṣẹ́ má bàa dúró sójú títì bí ohun ìtìjú. Ọ̀rọ̀ náà fa ìjíròrò gígùn, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá. Mo kọ èlé náà sórí pátákó fún wọn. Báńkì àpapọ̀ ti gbé òṣùwọ̀n èlé tirẹ̀ dé 18.75 nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù Keje 2023, ó sì tún ń gbé e sókè lẹ́yìn náà títí ó fi dé 27.5 ní oṣù Kọkànlá 2024. Kò sí báńkì tó máa yá ìlú lówó ní iye tó rẹlẹ̀ sí ti báńkì àpapọ̀. Owó géètì tí ẹgbẹ́ náà pa ní ọdún tó dára jù fún un kò lè san èlé náà nìkan, ká má tíì sọ ti owó gan-an. Kábíyèsí ló parí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ní àwọn kò ní fi ọwọ́ sí gbèsè tí ọmọ tí wọn kò tíì bí yóò san nítorí bọ́ọ̀lù.

Mo fẹ́ kí ẹni tó bá wà nídìí irú iṣẹ́ yìí ronú dáadáa lórí ibi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, nítorí pé níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìlú ti máa ń ṣubú. Owó tí wọ́n ti ná sórí ọgbà ń fà wọ́n síwájú. Ojú ń tì wọ́n láti dúró. Iṣẹ́ olùdámọ̀ràn lásìkò náà ni láti ya owó tó ti lọ sọ́tọ̀ kúrò lára ìpinnu tó kù, kí ó sì fún ìlú ní ọ̀nà kan tí wọ́n lè gbà dúró láìjẹ́ pé wọ́n ṣubú lójú ara wọn.

Àdéhùn kejì

Ọ̀nà náà wá di pápá kékeré. Ilé ìjókòó kan ṣoṣo tí orùlé bò wà ní ìhà ìwọ̀-oòrùn, kí oòrùn ìrọ̀lẹ́ má bàa mú àwọn òǹwòran lójú. Yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ nígbà tí wọ́n ń ṣe gọ́tà ni wọ́n fi ṣe òkè fún àwọn tó kù láti jókòó lé. Kò sí òtẹ́ẹ̀lì, iná ńlá sì dúró di ọjọ́ mìíràn. Ilẹ̀ tí a kò lò padà sọ́wọ́ àwọn tó ń dáko lórí rẹ̀, nítorí pé ìjọba kò tíì parí ìwé ìgbàlẹ̀ náà.

Ìsọ̀ ni ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú àtúnṣe náà. Nínú àwòrán àkọ́kọ́, wọ́n kọjú sínú pápá, èyí tó túmọ̀ sí pé ọjọ́ bọ́ọ̀lù nìkan ni wọ́n lè tajà. Nínú ti kejì, ìyálọ́jà ní kí wọ́n kọjú sí títì. Nítorí náà wọ́n ń tajà lójoojúmọ́, owó ìsọ̀ sì ń wọlé lóṣooṣù bóyá bọ́ọ̀lù wà tàbí kò sí. Ẹ̀rọ omi tí wọ́n gbẹ́ fún koríko ní ẹnu kan níta ọgbà, àdúgbò sì ń pọn níbẹ̀.

Lórí ẹni tó ni pápá, wọ́n fi orúkọ àwọn alágbàtọ́ sílẹ̀ lábẹ́ òfin ilé iṣẹ́ ti 2020, kì í ṣe orúkọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù, kì í sì í ṣe ti olóṣèlú kankan. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù di ayálégbé. Àdéhùn wọn gùn díẹ̀, nítorí pé mo ti kà nípa pápá Olympic ti London. Ó ju 300 mílíọ̀nù pọ́n-ùn lọ tí wọ́n ná láti sọ ọ́ di pápá bọ́ọ̀lù, nígbà tí West Ham sì wọ ibẹ̀ ní 2016, owó ilé wọn bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 2.5 mílíọ̀nù pọ́n-ùn lọ́dún, àwọn tó ni pápá, ìyẹn ará ìlú, ló sì ń ru ọ̀pọ̀ nínú ìnáwó ọjọ́ bọ́ọ̀lù. Àwa kọ ọ́ síwèé pé ẹni tó bá gbá bọ́ọ̀lù ni yóò san owó ẹ̀ṣọ́, ti ìmọ́tótó àti ti dísù jẹnẹrétọ̀ lọ́jọ́ náà, yàtọ̀ sí owó pápá. A tún kọ ọ́ pé bí ẹgbẹ́ náà bá kọ̀ láti wá ní sáà kan, pápá kò ní wà ní títì dè é. Àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ jẹ́ ti àwọn ilé ẹ̀kọ́, láìsanwó. Ìdá kan nínú gbogbo owó tó bá wọlé ń lọ sínú àpò ìtọ́jú, a kò sì lè fi í ṣe ohun mìíràn, ìbáà ṣe òkú ọba tàbí ọdún ìlú. Aṣojú ìyálọ́jà sì wà lára àwọn tó ń fọwọ́ sí i.

Ẹni tó ni ẹgbẹ́ kò kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Ó ní ìlú ti gba ohun tí òun dá sílẹ̀ mọ́ òun lọ́wọ́. Mo lóye ìbínú rẹ̀, nítorí pé owó rẹ̀ ló ti ń bọ́ àwọn ọmọ náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn sáà kan tó tún fi gba àlejò nílé onílé, ó padà wá, ó sì fọwọ́ sí i láìyí ọ̀rọ̀ kankan padà.

Òjò ọdún àkọ́kọ́ fi hàn pé omi ń dúró ní ìhà àríwá pápá. Wọ́n tún gọ́tà ibẹ̀ ṣe láti inú àpò ìtọ́jú, wọn kò kọ ìwé sí aṣòfin kankan, wọn kò sì dúró de ọdún ìdìbò. Lójú tèmi, ẹ̀rí nìyẹn pé pápá náà yóò pẹ́, ju orùlé tàbí ìjókòó lọ. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣèlérí fún àwọn ọ̀dọ́ kò pọ̀: ọlọ́dẹ, àwọn tó ń gé koríko, àti àwọn tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ bọ́ọ̀lù. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi iṣẹ́ ta pápá fún ìlú. Ohun tí pápá lè fún wọn ni ibi tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ti lè sáré lórí koríko tó tẹ́jú, àti ìrọ̀lẹ́ tí ìlú jọ ń jókòó sí ibì kan. Wọ́n lè san owó fún ìyẹn tí wọ́n bá mọ̀ pé ìyẹn ni wọ́n ń rà.

Láti ìgbà náà, bí ìlú kan bá pè mí, ìwé tí mo máa ń kọ́kọ́ béèrè ni kàlẹ́ńdà ọdún kan tó fi ọjọ́ kọ̀ọ̀kan hàn tí pápá yóò ṣí, ẹni tí yóò lò ó àti iye tí yóò san. Àwòrán ilé ń tẹ̀lé e. Ìwé kejì ni ti àwọn tó wà lórí ilẹ̀, tí àwọn fúnra wọn ti fọwọ́ sí, kì í ṣe èyí tí mọ́gàjí fọwọ́ sí fún wọn. Ìwé kẹta ni gbólóhùn tó sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù bá já sílẹ̀, bí ó bá kó lọ, tàbí bí ẹni tó ni í bá kú. Bí ọ̀kan nínú wọn kò bá sí, mo máa ń sọ fún wọn pé kò tíì tó àkókò láti pe agbaṣẹ́ṣe.

Owó gbà-má-bìínú fún apá ilẹ̀ tí pápá jókòó lé kò tíì pé. Díẹ̀ nínú àwọn tó ń san ìṣákọ́lẹ̀, tí wọ́n ti gé kajú wọn kí ìgbìmọ̀ tó dá iṣẹ́ dúró, ṣì ń gba tiwọn díẹ̀díẹ̀ láti inú owó ìsọ̀. Orúkọ wọn wà ní ìlà àkọ́kọ́ nínú ètò ìṣúná pápá náà lọ́dọọdún, ṣáájú koríko àti owó oṣù ọlọ́dẹ, ìgbìmọ̀ sì ti pinnu pé a kò ní gbé iná ńlá síbẹ̀ títí wọn yóò fi gba èyí tó kẹ́yìn.